Màmá Tó Jókòó Jẹ́ẹ́

Ọjọ́ Àìkú

Láti ìdájí ni òjò ti ń rọ̀ ní Ìkòròdú. Omi gba ojú títì wa, ṣọ́ọ̀ṣì ò ṣeé lọ, iná ò sí. Mo bá gbé fóònù ti agolo mílíìkì, èmi àti Màámi jọ wo Becoming, fíìmù tí Nadia Hallgren fi tẹ̀ lé Michelle Obama nígbà tó ń gbé ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ kiri ìlú 34. Ìwé jáde lọ́dún 2018, fíìmù lọ́dún 2020. Èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rówó dátà.

Ilé iṣẹ́ Michelle àti ọkọ rẹ̀ ló gbé fíìmù náà jáde, nítorí náà mi ò retí pé ẹnikẹ́ni máa bú u níbẹ̀. Àmọ́ ibi tó ti ń fọwọ́ sí ìwé, mo dá a dúró. Èrò tò bí ìgbà ọ̀wọ́n epo. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ò tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ojú wọn ló ń wò. Àwọn mìíràn débẹ̀ tán, ẹkún ló bọ́ lójú wọn. Èmi tí mò ń ṣe POS ní Sábó, tí èèyàn mẹ́wàá bá tò, ọwọ́ wọn ni mò ń wò. Mi ò lè júwe oníbàárà kan lánàá.

Màámi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mò ń túmọ̀, wọ́n kàn ń mi orí. Àfìgbà tí ìyá àgbà kan yọjú.

"Ta nìyẹn?"

Mo ní màmá Michelle ni, Marian Robinson, pé wọ́n bá ọmọ wọn kó wọ White House lọ́dún 2009, kí wọ́n lè máa mójú tó ọmọ-ọmọ wọn méjèèjì.

Màámi bú sẹ́rìn-ín. "Òyìnbó náà ń lọ bá ọmọ tọ́jú ọmọ!"

Mo ní kì í ṣe òyìnbó, adúláwọ̀ bíi tiwa ni.

"Ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀, òyìnbó ni."

Mi ò jiyàn. Àwọn fúnra wọn lọ wẹmọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Ìgbógbó, oṣù mẹ́ta ni wọ́n dá, ọdún méjì ni wọ́n lò. Látìgbà tí wọ́n ti rí ìyá àgbà yẹn, Michelle ò jámọ́ nǹkan kan mọ́ lójú wọn. Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ilé iṣẹ́ omi ní Chicago ló ti ṣiṣẹ́, ó kú ní 1991. Ìyá náà ńkọ́, ṣé wọ́n wà?

Mo ní wọ́n kú ní 2024.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ọmọ ló sin wọ́n?"

"Ọmọ ló sin wọ́n, mà."

Wọ́n ní kí n dá a padà síbi tí màmá náà jókòó sí. Dátà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo dá a padà.