Alùpùpù Bàbá Mi Dún Lónìí

Ní ọ̀sán òní, lábẹ́ ìbòrí páànù tí mo sọ di ibi iṣẹ́ lẹ́yìn ilé wa ní Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́, Yamaha DT 175 tí bàbá mi fi ń lọ sí oko kòkó ní ọ̀nà Ìdànrè dún padà.

Kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnnì, ni ó gba sùúrù jù. Epo bẹntiróòlù àtijọ́ ti gbẹ di nǹkan líle nínú rẹ̀, ó sì ti dí àwọn ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá, nítorí náà ni mo ṣe fi fọ́nrán wáyà bàbà là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, torí irin líle lè mú kí ihò náà fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Táyà nìkan ni mo pààrọ̀, mo fi èyí tí ó lè gba ẹrẹ̀ sí i. Àwọn kan ní kí n gbé ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà tuntun sí i, ṣùgbọ́n n kò gbà rárá: ẹ́ńjìnnì tí ó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo ni ẹ̀mí alùpùpù yìí.

Nígbà tí mo fẹsẹ̀ tẹ kíìkì rẹ̀, èéfín aláwọ̀ búlúù yọ, òórùn ọ́ìlì jíjó sì gba gbogbo àgbàlá. Màmá mi sáré jáde láti ilé ìdáná, wọ́n ní, “Ìró alùpùpù bàbá rẹ nìyẹn!” Inú mi dùn kọjá sísọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ǹjẹ́ ẹ ti tún ohun ìrìnnà òbí yín ṣe rí? Báwo ni ó ti rí lára yín nígbà tí ẹ gbọ́ ìró rẹ̀?