Bí jẹjẹrẹ ọmú ṣe ń wọ inú ẹran ara tó yí i ká

Àwọn ọ̀nà tóóró tí omi ọmú ń gbà kọjá ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó yí wọn ká, tó sì pààlà láàárín wọn àti ẹran ara yòókù. Níwọ̀n ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kò bá tíì ré awọ yìí kọjá, DCIS ni àwọn dókítà ń pè é, ìtọ́jú rẹ̀ sì sábà máa ń yọrí sí rere. Lójú tèmi, bóyá ó ti ré ààlà yìí kọjá jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó yẹ kí obìnrin kọ́kọ́ béèrè nígbà tí èsì àyẹ̀wò bá dé.

Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ wa rò pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ló ń dá já ààlà yìí. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Lóòótọ́, sẹ́ẹ̀lì náà a máa yọ ẹsẹ̀ tín-ín-rín, a sì máa tu èròjà tó ń jẹ awọ náà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú èròjà yìí ló ń ti ọ̀dọ̀ fibroblast wá, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tún ẹran ara ṣe. Macrophage, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó gbèjà ara, náà a máa tu èròjà EGF, tó ń fa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ mọ́ra, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ a sì máa fi èròjà CSF-1 fa macrophage náà, títí àwọn méjèèjì yóò fi jọ dé ìdí iṣan ẹ̀jẹ̀. Fọ́nrán kọ́lájìn tó wà láyìíká á le, á sì nà gbọọrọ jáde láti ara kókó jẹjẹrẹ náà, sẹ́ẹ̀lì á wá máa tọ̀ ọ́ lọ. Ní 1997, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Mina Bissell àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley, California, dí β1-integrin tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ ohun tó yí i ká. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n ń tọ́jú nínú jẹ́lì padà tò létòlétò bí sẹ́ẹ̀lì tí kò ní àrùn, bẹ́ẹ̀ ni àbùkù inú àbùdá rẹ̀ kò kúrò.

Ẹran ara tó le yìí ló ń mú kí kókó má fẹ́ yẹ̀ lábẹ́ ìka. Bí ó bá fa okun tó so ọmú mọ́ awọ ara, ojú ibẹ̀ á jìn wọnú.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ọmú ló ń di kókó. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú máa ń rìn lọ́wọ̀ọ́, nítorí èròjà E-cadherin so wọ́n pọ̀. Nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní lobular, tó tó bí ìdá 10 nínú 100, E-cadherin ti sọnù, sẹ́ẹ̀lì á sì máa tò lọ́kọ̀ọ̀kan wọ àárín ẹran ara. Apá kan ọmú lè kàn ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí mammogram, ìyẹn fọ́tò X-ray ọmú, má sì rí nǹkan kan. Ẹni tó bá kíyè sí irú rẹ̀, kí ó sọ ọ́ fún dókítà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí, kí ó sì béèrè bóyá wọ́n lè fi ultrasound tàbí MRI wo ibẹ̀.