Ihò Àárín

Bàbá kan yà sí ìsọ̀ mi ní Sábó, Ìkòròdú, lọ́sàn-án òní. Wọ́n fẹ́ ìgbànú tuntun, wọ́n ní 36 ni ṣòkòtò àwọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ bá mi bọ́ èyí tó wà nídìí yín." Nọ́ńbà ṣòkòtò kì í tó oníṣẹ́ awọ. Ihò tó ti fẹ̀ lára ìgbànú àtijọ́ ni mo gbà gbọ́.

Mo wọ̀n ọ́n láti ibi tí awọ ti ṣẹ́po mọ́ irin ìdè rẹ̀ dé ihò yẹn: ínṣì 39. Ibẹ̀ ni ihò àárín ìgbànú tuntun máa wà. Mo sàmì méjì síwájú rẹ̀, méjì sẹ́yìn, ínṣì kọ̀ọ̀kan láàárín wọn, kí bàbá lè rí ààyè bí wọ́n bá sanra tàbí tí wọ́n bá gbààwẹ̀.

Igi ni mo máa ń tẹ́ sábẹ́ awọ kí n tó lù ú, kí ẹnu irin tí mo fi ń lu ihò má baà kú. Bí irin bá mú, ẹ̀ẹ̀kan péré ni òòlù.

Bàbá fẹ́ kí ẹnu ìgbànú náà rí ṣóńṣó. Mo ká bébà sí méjì, mo gé e, mo fi yàwòrán sórí awọ. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba.

Etí rẹ̀ ni mo pẹ́ lórí jù: sáńpépà, omi díẹ̀, ìda oyin, kí n fi aṣọ líle ra á títí á fi dán. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ìgbànú tí wọn ò tọ́jú etí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni omi àti òógùn ń gbà wọnú awọ.