Àmàlà Wà, Ìdẹ Ni Kò Sí

Àwọn ẹbí ìyàwó mi gbà pé nǹkan kan ló ń ṣe mí. Wọn kì í sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n léèrè ibi tí mo wà lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á ní, "Ó ti tún lọ síbi ẹja ẹ̀," wọ́n á sì mí kanlẹ̀.

Ẹja tí mò ń pa kì í délé ni ẹjọ́ wọn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mò ń gbé yìí, eré ni wọ́n fi ẹja káàpù inú adágún ṣe. Wàá kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, torí bí wọ́n bá ká ọ mọ́ ibi tí o ti ń ju ìwọ̀ láìgbàwé, owó ìtanràn ẹ̀ lè tó £2,500. Wàá tún sanwó fún ẹni tó ni adágún. Wàá jókòó láti ìdájí. Bí ẹja bá wá gbé e, wàá fi àwọ̀n gbé e wá sókè, wàá tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì kékeré kan tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yẹn nìkan, wàá máa bomi sí i lára kó má baà gbẹ. Wàá yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹ̀, wàá kán oògùn apakòkòrò sójú ibi tí ìwọ̀ ti gún un, wàá wọ̀n ọ́n, wàá bá a ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà, wàá gbé e padà sínú omi jẹ́ẹ́jẹ́, wàá sì dì í mú títí ara ẹ̀ á fi balẹ̀ tó máa lọ fúnra ẹ̀. Ó tán nìyẹn. Ìwọ náà á wá yà ra ẹja dídì lọ́nà ilé.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé gbogbo èyí fún ìyá ìyàwó mi nígbà tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn. Màámi gbọ́ mi dópin, wọn ò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

"Bàbá Ìbejì, ẹja yẹn, ṣé ó ní májèlé nínú ni?"

"Rárá, mà."

"Àbí èèwọ̀ wọn ni?"

"Rárá, mà."

"Ṣé kò dùn ni?"

Mo ní ó dùn o, mà, pé àwọn ará Póláǹdì tiẹ̀ máa ń sè é jẹ lálẹ́ tí Kérésìmesì bá ku ọ̀la. Màámi ní Ọlọ́run á bá àwọn máa bùkún ará Póláǹdì.

Mo wá gbé ìtàn Clarissa kalẹ̀, bóyá wọ́n á rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ní 1952, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Walker fi ìwọ̀ mú káàpù kan ní adágún Redmire. Ẹja ọ̀hún wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 20, kò sì sí ẹni tó tíì fi ìwọ̀ mú káàpù tó tó bẹ́ẹ̀ rí nílẹ̀ yìí nígbà náà. Ọgbà ẹranko ti London ni wọ́n gbé e lọ. Ibẹ̀ ló gbé títí tó fi kú, táwọn èèyàn ń lọ wò ó.

"Wọ́n ń sanwó," Màámi ní, "láti lọ wo ẹja tútù?"

Mo sọ ti Benson. Abo káàpù ni Benson, adágún kan lẹ́bàá Peterborough ló ń gbé, ó sì ju ìgbà 60 lọ tí wọ́n ti mú un, tí wọ́n yà á ní fọ́tò, tí wọ́n dá a padà. Nígbà tó kú ní 2009, ìwé ìròyìn káàkiri ló gbé ìròyìn ikú ẹ̀. Àwọn kan fura pé òfio tí kò jinná ló pa á.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni Màámi mú.

"Òfio? Òfio tiwa, táwọn Hausa ń fi bárò tì kiri ní Bódìjà?"

"Òun náà ni, mà. Káàpù fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni. Inú ìgò ni wọ́n ń tà á sí níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ìpẹja. Ó sì wọ́n."

Màámi wò mí, wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n dìde, wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn ìbejì.

Èmi kì í ra tinú ìgò ní tèmi. Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra iṣu ní Woolwich ni mo ti ń ra òfio, ìlàjì owó tòyìnbó. Mi ò sì kí ń fi sísè ẹ̀ ṣeré. Ọ̀pọ̀ adágún ni wọ́n ti fòfin de òfio tí kò jinná, torí bí kò bá rin dáadáa, inú ẹja ló ti máa lọ wú. Mo ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ méjì gbáko, mo sè é títí ó fi rọ̀. Mo da ṣúgà sí i. Mo bu ata gígún díẹ̀ lé e, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe sọ pé káàpù kì í kọ ata. Mo fi í sílẹ̀ nínú omi ẹ̀ títí omi náà fi ń yọ̀, mo wá dà á sínú róbà áísìkíríìmù kan, mo dé e, mo gbé e sínú fíríìjì.

Ẹ bá mi wò ó láti ibi tí Màámi dúró sí. Òfio tí wọ́n ti ṣà, tí wọ́n ti fọ̀, tó ti rin, tó ti jinná, tó ti ní ṣúgà, tó tún ní ata, tó sì ti tutù nini. Kí ló kù ju kí wọ́n lọ̀ ọ́ lọ? Mo sì ti fẹnu ara mi sọ pé inú ìgò ni tẹja máa ń wà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ìjọ wa sì ń bọ̀ wá kí wọn káàbọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Oṣù Kàrún-ún ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Láti 15 Oṣù Kẹta títí di 15 Oṣù Kẹfà, wọn kì í gbà kí a dẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀ nínú odò tó ń ṣàn, torí ìgbà tí wọ́n ń yé ẹyin nìyẹn. Gbogbo wa pátá la máa ń ya bo adágún, ẹni tí kò bá sì tètè dé á kàn máa wo ẹ̀yìn ẹni ẹlẹ́ni ni. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi ṣí fíríìjì, mo gbé róbà mi níbi tí mo gbé e sí, mo gbé kúlà oúnjẹ tí Màámi ti dì fún mi láti alẹ́, mo wọ mọ́tò, ó di Kent.

Mo ti to gbogbo nǹkan sílẹ̀. Ọ̀pá méjì ti wà lórí ìdúró wọn, aago tó máa ké bí ẹja bá fa okùn ti wà ní títàn, bẹ́ẹ̀dì ẹja ti wà ní títẹ́. Ìgbà yẹn ni mo ṣí róbà.

Gbẹ̀gìrì.

Mo dé e, mo tún ṣí i. Gbẹ̀gìrì náà ni. Ẹ̀bi ta ni? Ilé Yorùbá wo ni áísìkíríìmù ti ń wà nínú róbà áísìkíríìmù? Mo ṣí kúlà. Àmàlà mẹ́ta wà nínú ọ̀rá, ewédú wà, ẹran ṣàkì àti pọ̀nmọ́ wà nínú ata. Abúlà pé pérépéré létí omi ní Kent. Ìdẹ nìkan ni kò sí.

Mo pe ilé. Ìyá Ìbejì gbé e pẹ̀lú oorun lójú, ó gbé fóònù fún Màámi, tí wọ́n ti jí.

"Màámi, ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, òfio tó wà nínú róbà funfun..."

"Háà, Bàbá Ìbejì, ẹ ṣé gan-an ni! Ọlọ́run á máa tọ́jú yín. Mo ti lọ̀ ọ́ lálẹ́ àná. Mo fi dábínù àti àgbọn sí i, mo sẹ́ ẹ. Ẹ tún mọ̀ pé ata ló ń mú un lọ geere! Ó wà nínú jọ́ọ̀gì, àwọn ẹgbẹ́ yín ń bọ̀ láago mọ́kànlá."

"Màámi, ìdẹ mi ni."

Kò sí ohùn. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń yí lẹ́yìn wọn.

"Kí lẹ fi sí i?"

"Ṣúgà àti ata, mà."

"Kò sí ìdin?"

"Kò sí, mà."

"Kẹ́míkà ńkọ́?"

"Kò sí, mà."

"Ó dáa. Ẹ ò pè mí o." Wọ́n pa fóònù.

Bàbá òyìnbó kan wà lápá ọ̀tún mi, ó ti pàgọ́ síbẹ̀ láti alẹ́, òfio wà nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mi ò lè lọ tọrọ. Mo tú ọ̀rá àmàlà kan. Ó ti tutù, ó ti le. Àmàlà tí Màámi bá rò kì í ní kókó, kì í sì í ṣomi. Mo já díẹ̀ nínú ẹ̀, mo rún un lọ́wọ́, mo fi bo ìwọ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Mo wá rántí pé àwọn òyìnbó máa ń ti ìdẹ bọ nǹkan olóòórùn kí wọ́n tó jù ú. Mo ti àmàlà bọ gbẹ̀gìrì. Mo jù ú sómi. Bàbá ń wò mí láti abẹ́ fìlà.

Kò pẹ́ tí aago fi figbe ta. Ọ̀pá tẹ̀, okùn ń sáré jáde, èmi náà ń sáré. Ẹja yìí forí lé abẹ́ àwọn igi tó wà lápá kejì, mo fà á kúrò níbẹ̀. Ó yí padà, ó gba iwájú mi kọjá, ó fẹ́ lọ wé mọ́ okùn bàbá. Bàbá ti dìde, ó ti mú àwọ̀n wá, ó ń sọ fún mi pé kí n ṣe pẹ̀lẹ́ o, ṣe pẹ̀lẹ́ o. Nígbà tí a gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ó lé díẹ̀ ní kílò 9. Kì í ṣe ẹja tí wọ́n máa gbé lọ sí ọgbà ẹranko, àmọ́ kò sí ẹlòmíì tó tíì mú nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí mo ṣe ń yọ ìwọ̀, àmàlà ṣì wà lẹ́tẹ̀ ẹ̀.

Bàbá bi mí pé kí ni nǹkan dúdú yẹn. Mo ní iṣu ni. Ó ní iṣu kì í dúdú. Mo ní ẹ̀lúbọ́ ni, mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé. Ó gbóòórùn gbẹ̀gìrì, ó mi orí. Ó bẹ̀ mí pé ṣé mo lè fún òun díẹ̀. Mo fún un ní ọ̀rá kan odindi, nítorí a kì í jẹun kí á má bu fún aládùúgbò. Nígbà tí oòrùn fi máa dé àárín orí, àwa méjèèjì ti mú ẹja, a ti dá wọn padà, kò sì sí àmàlà mọ́.

Ebi wá dé. Ẹran ti tán tipẹ́. Ewédú ló kù, èèyàn ò sì lè máa lá ewédú létí omi. Bàbá fẹ́ san oore, ó na ìgò òfio sí mi pé kí n mú fún ìwọ̀ mi. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Mo jù ú sẹ́nu.

Bàbá wò mí. Ó wo ìgò. Ó tún wò mí, bóyá mo máa ṣubú. Mo ní ìyá ìyàwó mi ti lọ̀ tèmi fún àlejò nílé, pé bí wọ́n ṣe ń mu ún lọ́wọ́ nìyẹn. Ó yọ ẹyọ kan, ó fi sẹ́nu, ó rún un pẹ́. Ó wá ní, "Èyí ni mo ti ń dà sómi láti ọjọ́ yìí wá." Kò nà án sí mi mọ́, òun ló ń jẹ ẹ́.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ti fi fọ́tò ẹja mi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ìdílé, mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé àmàlà àti gbẹ̀gìrì Màámi ni mo fi mú un. Ìṣọwọ́ di ẹja mú lọ́jọ́ náà dára, kò yẹ kó ṣòfò.

Òórùn ata tó ń hó lórí iná ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Màámi ti so gèlè. Wọ́n kọjá lára mi, wọ́n lọ ṣí ẹ̀yìn mọ́tò.

"Ẹja dà?"

"Mo ti dá a padà, mà."

"Ó já bọ́ ni?"

"Rárá, mà. Mo gbé e padà ni. Kì í ṣe tèmi, ẹni tó ni adágún ló ni ín, bí mo bá gbé e, olè ni."

"Ìwọ Bàbá Ìbejì. O gbé àmàlà mi fún ẹja."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Pẹ̀lú gbẹ̀gìrì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un, o foògùn sí i lẹ́nu, o wá ní kó máa lọ."

Mo ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó mọ̀. Ìyá Ìbejì wà lójú fèrèsé lókè, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀. Òun ló sọ fún mi pé òfio ọ̀hún ò ṣẹ́kù, pé ìyá ẹgbẹ́ mu ife mẹ́ta, ó sì béèrè bí wọ́n ṣe ṣe é tó fi ní agbára báyìí. Nínú ayọ̀ yẹn ni fọ́tò mi wọlé. Màámi fi hàn wọ́n kárí, wọ́n sì ní kí gbogbo wọn padà wá jẹ ọbẹ̀ ẹja tútù lálẹ́.

Mo padà sínú mọ́tò. Títùs dídì ni mo rí rà ní Plumstead. Màámi gé e wẹ́wẹ́, wọ́n bọ́ awọ ara ẹ̀ kúrò, wọ́n yọ orí àti ìrù, wọn ò sì bá mi sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣe é tán.

Àwọn obìnrin jókòó, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń kí mi: "Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o! Ọwọ́ yín ò ní relẹ̀!" Mò ń dáhùn pé àmín. Àfi bí ìyá ẹgbẹ́ ṣe gbé fóònù sójú, tó fẹ fọ́tò náà títí, tó tún wo inú àwo ẹ̀.

"Màámi, ẹja inú fọ́tò yìí mà tóbi ju èyí lọ o."

Màámi ò tiẹ̀ wo apá ibẹ̀. Wọ́n bu ọbẹ̀ kún tiwọn.

"Omi ló mu yó nígbà yẹn."