Gìtá ní Ìjẹ̀bú-Òde, àpàlà ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ inú orin olórin kan jinlẹ̀, kó lọ wò ó níbi tó ti ń kọrin fún àwọn Ìjẹ̀bú. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ìlù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ èyí lẹ́nu àwọn àgbà ilé wa, àmọ́ alẹ́ Sátidé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló jẹ́ kí n fojú ara mi rí i.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni olórin tí mo tìtorí rẹ̀ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ orin rẹ̀ sílẹ̀, gìtá ló sì fi ń kọ ọ́, pẹ̀lú ẹni tó ń lu dúrọ́ọ̀mù àti ẹni tó ń ta gìtá kejì. Ó ti kọrin n'Íbàdàn kó tó débẹ̀, Àkúrẹ́ ló sì kàn. Mo lè dúró dè é l'Ékòó o, ṣùgbọ́n èrò Èkó a máa gbé fóònù sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí wọ́n ti ń jókòó gbọ́ orin ló wù mí.

Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbà. Agbègbè yẹn náà ni Erédò Sùngbọ́ gbà kọjá, odi àti yàrà táwọn ará ìgbàanì gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tí gígùn rẹ̀ tó 160 kìlómítà. Igbó ti bo púpọ̀ nínú rẹ̀. A ò dúró, torí irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ tọ́ sí ìrìnàjò tirẹ̀.

Gbọ̀ngàn náà ò tóbi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, àwọn ìyá tó ró ìró tó wé gèlè náà sì wà níwájú. Orin Gẹ̀ẹ́sì ni olórin wa fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un níwọ̀nba. Ìgbà tó yí i sí Yorùbá ni ilé yí padà. Orin ìyá rẹ̀ ló kọ, ìyá tó ń ta gààrí kí ọmọ lè kàwé. Ó ní ọwọ́ ìyá òun ń rùn gààrí, pé ọwọ́ yẹn ló máa ń nu omijé ojú òun, òun ò sì tíì rí lọ́fíńdà tó dùn tó o.

"Tún un sọ, ọmọ mi!" Ìyá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Ó tún un sọ. Wọ́n ní kó tún un sọ sí i. Onídúrọ́ọ̀mù fi igi sílẹ̀, ó gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin yìí ò sì ta gìtá mọ́, ó kàn ń fi ìka gbá ara gìtá náà. Gbogbo ilé ń gbe orin. Omi bọ́ lójú mi. Ẹ̀gbọ́n mi fẹnu sí mi létí: "Àbúrò, àpàlà lọmọ yìí ń kọ. Gìtá ló kàn fi bò ó."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé wa dé Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́ kejì. A kọ́kọ́ jẹ ìkọ́kọrẹ́ lọ́dọ̀ olóúnjẹ kan, ewùrà tí wọ́n rin tí wọ́n sì sè mọ́ ata, epo, ẹja àti pọ̀nmọ́. Wọn kì í rò ó kúnná; kókó inú rẹ̀ gan-an ladùn rẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni ìlú Bàtílì Àlàkẹ́ oníwákà, òun náà ni ìlú Hárúnà Ìṣọ̀lá olórin àpàlà. Ọdún 1948 ni Hárúnà ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, tó fi kì Ọba Adébóyè, Orímọlúṣì ìlú náà. Kò lo gìtá. Agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù ló ń lò, orí ìjókòó ló sì ti ń kọrin. Lọ́dún 1969, òun àti I.K. Dáíró dá ilé iṣẹ́ àwo orin Star Records sílẹ̀, kí olórin lè ní iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Tí mo bá ń ronú nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń fúnra wọn gbé orin wọn jáde lóde òní, ìgbésẹ̀ yẹn ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ṣì ní àwọn àwo náà. "Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi." Ó nu ọ̀kan, ó gbé e sórí ẹ̀rọ. "Hárúnà ò pariwo rí. Ọ̀rọ̀ ló ń bá ẹ sọ."

Mo fi fóònù mi gbé orin alẹ́ àná sí i fún un. Ó tẹ́tí, ó ní ká dá a padà síbi ọ̀rọ̀ ọwọ́ ìyá yẹn. Ó bi wá pé ọmọ ta ni.

A ra gààrí lọ́jà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde kí a tó wọkọ̀ padà s'Ékòó. Tí olórin yẹn bá tún ń bọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀bú-Igbó ni kí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n sì fi bàbá onírédíò sí ìjókòó iwájú.