Ẹ fi omi gbígbóná fọ ìbọn tuntun kí ẹ tó fi epo kàn án

Ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi, ó ṣì ń dùn mí. Ṣakabùlà tuntun, ẹ̀ẹ̀mẹta péré la yìn ín, ọjọ́ mẹ́rin ló sì lò lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní Abẹ́òkúta níbí, nínú òjò Òkúdù. Mo ti fi epo nù ún o, n kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti àkísà funfun bọ inú rẹ̀, mo fà á jáde: ó pupa. Èkejì pupa. Ẹ̀kẹta pupa, ó tún fàya, nítorí inú irin ti di págunpàgun.

Eérú ẹ̀tù ló ṣe é. Èédú, imí ọjọ́ àti iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní saltpetre ni ẹ̀tù dúdú. Tí ó bá jó tán, iyọ̀ ló máa ń kù mọ́ inú irin, iyọ̀ náà á sì máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Iyọ̀ kì í yọ́ nínú epo. Bí ẹ bá da epo lé e, ẹ kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni, á sì máa jẹ irin lábẹ́ epo. Omi ló ń yọ́ ọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ ti ọ̀pá bọ ẹnu ìbọn títí yóò fi dúró, ẹ fi ìka sàmì sí i, kí ẹ wá gbé e lé ẹ̀yìn irin. Bí kò bá dé ibi ihò iná, ìyẹn ihò kékeré tí iná ń gbà dé ìdí ẹ̀tù, ẹ̀tù wà nínú rẹ̀.

Gíríìsì àti èérún irin máa ń wà nínú ìbọn tuntun. Ẹ fi àkísà tí ẹ rẹ sínú kẹrosíìnì yọ ọ́ kí ẹ tó rọ ẹ̀tù àkọ́kọ́, torí gíríìsì tó bá jó mọ́ eérú máa ń le bí ọ̀dà. Lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan, ẹ ti àkísà tútù wọlé. Á pa ẹ̀ṣẹ́ná tó bá kù kí ẹ̀tù mìíràn tó wọlé.

Ní ọjọ́ náà gan-an, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ fi ọ̀rá di igi ìdí ìbọn, ẹ da lítà omi kan tó ń hó wọlé pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀. Omi á jáde dúdú, á máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ó kéré tán, títí omi yóò fi mọ́. Wọ́n á sọ fún yín pé omi ni ọ̀tá irin. Èmi náà gbọ́ ọ, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n omi tó kù síbẹ̀ ló ń jẹ irin. Irin tí omi híhó ti mú gbóná máa ń gbẹ ara rẹ̀, omi tútù ló ń sá pamọ́ sí ìdí.

Ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹ fi ìyẹ́ adìẹ la ihò iná. Àkísà funfun ni kí ẹ fi gbẹ ẹ́. Ẹ má lo àlòkù àdìrẹ Ìtòkú, aró kò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ó ti mọ́. Ìgbà yìí gan-an ni epo tó kàn: epo ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀kán mẹ́fà. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kejì. Kí ẹ tó tún rọ ẹ̀tù, ẹ nu epo náà kúrò, ẹ̀tù tó bá rin kì í gbiná.

Alágbẹ̀dẹ ti bá mi yọ ìpẹtà tèmi. Ihò wẹ́wẹ́ tó jẹ sínú irin kò ṣeé dí, eérú ń há síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo wá ń da omi híhó sí i báyìí.