Ìdákẹ́jẹ́ tí mo gbọ́ lẹ́yìn ògiri Ebimpé

Ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, Super Eagles ń bá Côte d'Ivoire gbá àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní pápá ìṣeré Ebimpé, lẹ́bàá Abidjan. Mo wà níbẹ̀, mo wọ jẹ́sì aláwọ̀ ewé wa, mo ti sanwó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yìn ògiri ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọmọ Èjìgbò ni mí. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé Abidjan kì í ṣe òkèèrè lọ́dọ̀ wa. Ilé tí kò bá ní èèyàn ní Treichville á ní ní Koumassi. Nígbà tí a fi pẹnáritì lé South Africa lọ sílé ní Bouaké lọ́jọ́ 7 oṣù náà, ara mi ò gbà á mọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo wọ bọ́ọ̀sì. Ẹnubodè Sèmè, Hilakondji, Aflao, Elubo, à ń sọ̀ kalẹ̀, à ń gòkè. Alẹ́ Sátidé ni mo wọ ilé àǹtí mi ní Treichville, eruku ọ̀nà kún irun mi.

Mi ò ní tíkẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo fi kúrò nílé. Kí n má tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe nìyẹn. Onílé ló dé àṣekágbá, ta ló máa tà fún àlejò? Ẹni tó bá sì ti rin ìrìn ọjọ́ méjì, ojú rẹ̀ á ti sọ fún ẹni tó ń tajà pé kò lè padà lọ́wọ́ òfo.

Ọmọkùnrin kan wá bá wa níwájú ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi láàárọ̀ Sunday. Yorùbá rẹ̀ dán mọ́rán. Ó ní ìyá ìyá òun, àdúgbò wa ni wọ́n ti wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí àǹtí mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀,” ó ní, “ṣé ọmọ ilé wa ni màá wá fi ṣeré?” Ó ṣí fóònù rẹ̀: àmì ìdíje wà lára tíkẹ́ẹ̀tì náà, nọ́ńbà ìjókòó wà níbẹ̀, àmì onígun mẹ́rin dúdú-funfun tí ẹ̀rọ ń kà náà wà níbẹ̀. 40,000 sẹ́fà. Àǹtí mi bá mi fi owó náà ránṣẹ́ láti orí fóònù wọn, ó sì fi àwòrán ọ̀hún ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tá a fi parí ẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà pápá ìṣeré, wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan sójú fóònù mi. Iná pupa tàn. Ọkùnrin tó mú un dání nu ojú fóònù náà, ó tún un ṣe. Pupa náà ni. “Déjà utilisé,” ó ní, wọ́n ti lò ó. Ẹni tó tò sẹ́yìn mi na ọrùn wo fóònù mi, ó wo tirẹ̀, ó sì dákẹ́. Nọ́ńbà ìjókòó kan náà ló wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Ẹnì kẹta ti wà lórí ìjókòó yẹn nínú pápá.

Mi ò rí i nígbà tí Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú 38. Ariwo tó ti ń mi ilẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ló ṣàdédé dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló sọ fún mi pé tiwa ló wọlé. Kessié dá a padà, Haller fi èkejì lé e, ariwo tó sọ lẹ́yìn ìyẹn ṣì wà létí mi. Nígbà tí mo délé, nọ́ńbà ọmọkùnrin yẹn ò lọ mọ́. Àǹtí mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n fẹ́ san owó náà padà fún mi, mo kọ̀, nítorí èmi ni mo gbà á gbọ́ torí pé ó mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Èèyàn mẹ́wàá lè ní àwòrán kan náà lórí fóònù, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e dé ẹnu ọ̀nà ló nìjókòó. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà fún yín, ìbéèrè kan ni kí ẹ bi í: báwo ni tíkẹ́ẹ̀tì yìí ṣe máa kúrò lórúkọ rẹ bọ́ sí orúkọ mi? Tí kò bá ti lè ṣe é níṣojú yín lórí ìkànnì àwọn tó ni ìdíje, ẹ jẹ́ kó máa lọ, kódà kí ó jẹ́ ọmọ ìyá yín. Nítorí èyí náà, tí ẹ bá ti rí tiyín rà, ẹ má gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook torí ìdùnnú.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló wà ní Houston àti Atlanta, méjèèjì sì wà lára àwọn ìlú tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026 bọ́ sí. Ìkànnì FIFA fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti rà á. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì rẹ̀, FIFA.com/tickets, ẹ má tẹ èyí tí Google bá kọ́kọ́ gbé wá, nítorí ìpolówó ló máa ń wà lókè níbẹ̀. FIFA ní ibi tí wọ́n ti ń tún tíkẹ́ẹ̀tì tà. Ó wọ́n, ó wọ́n gan-an: ẹni tó ń tà ló ń dá iye lé e, FIFA á tún gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ ẹni tó rà, á gba 15 míì lọ́wọ́ ẹni tó tà. Ó ń dùn mí pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n inú àkáǹtì yín ni tíkẹ́ẹ̀tì náà máa bọ́ sí. Káàdì báńkì ni kí ẹ fi sanwó, kí ẹ lè rí ibi fẹjọ́ sùn bí nǹkan bá yíwọ́. Ẹ sì rántí pé tíkẹ́ẹ̀tì ò lè ṣiṣẹ́ físà.

Nígbà tó kan Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ti Mòrókò, àbúrò mi ní òun fẹ́ lọ. Mo jókòó tì í. Lórí áàpù Yalla, èyí tí wọ́n ṣe fún ìdíje náà, ló ti kọ́kọ́ gba Fan ID, ìyẹn ìdánimọ̀ òǹwòran, torí wọn ò ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí kò bá ní in, lẹ́yìn náà ló wá ra tirẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, kó tó tiẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kejìlá 2025, ọjọ́ tí a na Tanzania 2-1 ní Fès, ó fi fídíò pè mí kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ fi pápá hàn mí. Mo ní kó kọ́kọ́ fi nọ́ńbà ìjókòó rẹ̀ hàn mí ná. Ó dìde, ó yí fóònù sí ara àga, mo sì kà á sókè, ẹ̀ẹ̀mejì.